Ẹṣin 25 dọ́là: kí ló ń bí àwọn tó ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú?

Ẹni tó bá ń ki Ìlọrin dáadáa kò ní ṣàì dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ìlú yìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Lásìkò Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń wọ́ lọ síwájú ààfin Ẹ́míà, tí kàkàkí ń dún, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè iye tí wọ́n ra aṣọ tí wọ́n dà bo ẹṣin. Ẹṣin ń jáde, ó gbọ́dọ̀ wọṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orí aṣọ ẹṣin gan-an ni ìjà ńlá tó wà láàárín àwọn tó ń gbá géèmù àti àwọn tó ń ṣe é ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 2006 ni. Bethesda, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe The Elder Scrolls IV: Oblivion, gbé ẹ̀wù irin kan jáde fún ẹṣin inú géèmù náà, ó ní dọ́là méjì àbọ̀ ni. Àwọn tó ti fowó ra géèmù yẹn lódindi, tí wọ́n ti ní ẹṣin, tí wọ́n ti ń gùn ún kiri, ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n tún mówó wá kí ẹṣin má baà rìn níhòòhò. Wọ́n bú ilé-iṣẹ́ náà débi pé ẹ̀wù ẹṣin di ọ̀rọ̀ ẹ̀sín láàárín àwọn onígéèmù títí dòní. Àmọ́ wọ́n rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí òun ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó kù rántí.

Oblivion kì í ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì; èèyàn nìkan ló ń dá a gbá nílé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Ní oṣù kẹrin 2010, Blizzard gbé ẹṣin kan tí ara rẹ̀ ń tàn bí ìràwọ̀ sórí àtẹ fún àwọn tó ń gbá World of Warcraft. Iye rẹ̀ jẹ́ 25 dọ́là. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tó ń gbá ọ̀fẹ́ o. Wọ́n ti ra géèmù náà, wọ́n sì ń san dọ́là 14.99 lóṣooṣù láti ìgbà tó ti jáde ní oṣù kọkànlá 2004. Owó géèmù, owó oṣù, owó ẹṣin. Lọ́jọ́ tí ẹṣin náà jáde, ẹni tó fẹ́ rà á ní láti tò sórí ìlà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí epo bá wọ́n ní Ìlọrin tí mọ́tò ń tò láti Gérí Àlímì.

Fún ẹni tí kò gbá irú rẹ̀ rí: géèmù tí à ń sọ yìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbá ní Tánkè, tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ bí wọ́n bá ti ń gbá a. Nínú eléyìí, o máa dá èèyàn kan sílẹ̀, o máa fún un lórúkọ, o máa yan iṣẹ́ fún un: jagunjagun, oníṣègùn, apẹja, alágbẹ̀dẹ. O máa wá tọ́ ọ dàgbà díẹ̀díẹ̀, fún oṣù, fún ọdún. Ìlú tó ń gbé kì í sùn. Bí o bá pa fóònù rẹ, àwọn ẹlòmíràn ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń nájà, tí wọ́n ń kẹ́gbẹ́, tí wọ́n ń jà.

Ìlú tí kì í sùn a sì máa jẹ owó. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà ń gbé lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà tó ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, tó ń lé àwọn oníjìbìtì. Ìdí nìyẹn tí Ultima Online fi ń gba owó oṣooṣù láti 1997, tí EverQuest sì tẹ̀ lé e ní 1999, nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lóṣù. Owó oṣooṣù yìí, tí gbogbo wa ń pè ní sọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn kùn sí i díẹ̀, wọ́n sì ń san án, torí ó jọ owó ìsọ̀. Ẹni tó ní ìsọ̀ ní Ọjà Ìpàtà mọ̀ pé bí òun bá ti san tòun, ó parí, kò sí ẹni tó tún máa gbowó lọ́wọ́ òun kí òun tó na ọwọ́ mú tòmátì. (Bó ṣe yẹ kó rí ni mo wí. Àwọn tó nísọ̀ níbẹ̀ á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín.)

Iṣẹ́ kan tún wà tí sọ́ọ̀bù ń ṣe tí a kì í sábà kà sí. Ó ń sọ gbogbo èèyàn di ẹgbẹ́ ara wọn tí wọ́n bá ti wọlé. Ọmọ olówó san 14.99, ọmọ tálákà san 14.99. Bí mo bá wá rí ọ pẹ̀lú idà tó ń jó bí iná, mo mọ̀ pé o ti pa ẹbọra tó ni idà yẹn. Ohun tó wà lọ́rùn rẹ ni ìtàn rẹ. Ibí ni mo gbà pé gbogbo ìbínú tó tẹ̀ lé e ti sun wá. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ sanwó. Wọ́n ti ń sanwó tipẹ́. Àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ní ẹnìkan yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó tán.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní EVE Online ní 2011. Géèmù ọkọ̀ òfuurufú ni, CCP ní orílẹ̀-èdè Iceland ló ṣe é, àwọn tó ń gbá a sì ń san sọ́ọ̀bù. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ìsọ̀ aṣọ kan sínú géèmù. Dígí kan wà níbẹ̀, olójú kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́ta dọ́là. Dígí ojú kan! Nínú géèmù tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn wà, tí ẹnìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ẹnìkejì. Wọn ìbá fi ṣẹ̀sín kí wọ́n máa lọ, àfi bí ìwé kan ṣe jò síta láti inú ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n ti ń jíròrò nínú rẹ̀ bóyá káwọn máa ta nǹkan tó ju aṣọ lọ, nǹkan tó máa ń fúnni lágbára nínú ìjà. Ìyẹn ló sọ ẹ̀rín di ogun. Àwọn tó ń gbá a kó ọkọ̀ wọn lọ sí Jita, ibi tí ọjà géèmù náà ti tóbi jù, wọ́n ń yìnbọn mọ́ ère kan tí kò lè wó. Wọ́n mọ̀ pé kò lè wó. Ẹ fojú inú wò ó kí àwọn èèyàn lọ dúró ní Ọjà Ọba, kí wọ́n máa sọ òkò lu ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, torí kí ààfin ṣáà lè gbọ́.

Àwọn mìíràn kò yìnbọn, sọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n fagi lé, ìyẹn ló sì dun ilé-iṣẹ́ náà jù. Wọ́n ní láti pe àwọn aṣojú tí àwọn tó ń gbá géèmù náà dìbò yàn wá sí Iceland kí wọ́n lè jọ jókòó. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọ̀gá àgbà CCP, Hilmar Veigar Pétursson, kọ lẹ́tà ìtúúbá; oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú márùn-ún dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Blizzard ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nínú Diablo III, ní 2012, wọ́n ṣí ọjà kan tí àwọn tó ń gbá géèmù ti lè ta idà àti ìhámọ́ra fún ara wọn ní owó gidi, kí ilé-iṣẹ́ yọ tirẹ̀ lára rẹ̀. Létí ọmọ Nàìjíríà, ohun tó dáa nìyẹn: o gbá géèmù, o jẹun. Àmọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan tó dáa ti wà lórí àtẹ, kí lèèyàn tún fẹ́ máa bá iwin jà fún? Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé ọjà náà ti ba adùn géèmù jẹ́, wọ́n sì tì í pa ní oṣù kẹta 2014.

RuneScape ni mo mọ̀ jù. Káfẹ́ kan ní Taiwo Road ni mo ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí a ti ń ra àkókò ní wákàtí, tí onílé yóò sì máa pariwo pé “ó ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún” nígbà tí èèyàn bá wà láàárín ìjà. Jagex ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 2001. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ti àwọn tó ń sanwó sílẹ̀, àmọ́ apá ọ̀fẹ́ kò kúrò, inú bíráwúsà lásán ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. World of Warcraft kò dé Taiwo Road.

Nínú géèmù yìí ni mo ti rí i pé àwọn tó ń gbá nǹkan lè jà kí wọ́n sì borí. Ní oṣù kejìlá 2007, Jagex fòfin de kí èèyàn máa fún ẹnìkejì ní ohun ìní bó ṣe wù ú, torí àwọn tó ń ta wúrà inú géèmù fún owó gidi ti gbòde. Àwọn èèyàn kóra jọ ní àárín ìlú inú géèmù, wọ́n fẹ̀hónú hàn; kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn títí di oṣù kejì 2011 tí wọ́n fi ìbò dá a padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni kẹ̀kẹ́ oríire dé: kẹ̀kẹ́ kan tí o máa yí, tó lè fún ọ ní ohun rere, tó lè fún ọ ní pàǹtí, o sì lè fowó gidi ra yíyí sí i. Wọ́n tún pa ọ̀nà tí a fi ń jà rẹ́, wọ́n gbé tuntun wá. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù wọn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Jagex wá ṣe ohun tí n kò rí ilé-iṣẹ́ míì ṣe ṣáájú wọn. Wọ́n ní àwọn ní géèmù bó ṣe rí ní oṣù kẹjọ 2007 nínú àpótí, wọ́n ní kí a dìbò bóyá kí wọ́n gbé e jáde. Ìbò tó wọlé lé ní 400,000. Old School RuneScape jáde ní oṣù kejì 2013, kò sí kẹ̀kẹ́ oríire nínú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tuntun tó ń wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ń gbá a dìbò fún un. Lónìí, ògbólógbòó yìí ni èrò wà nínú rẹ̀ ju tuntun lọ.

Ẹ ó rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ní 2023, wọ́n gbé Hero Pass wọnú èyí tuntun, ètò kan tí owó á máa sọ bí o ṣe yára tó. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé wọ́n kó o kúrò. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, wọ́n tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sanwó: ṣé wọ́n á fara mọ́ ọn kí sọ́ọ̀bù pín sí oríṣiríṣi, kí ìpolówó ọjà sì wà nínú èyí tó kéré jù? Ìbéèrè lásán ni o. Àwọn èèyàn fagi lé sọ́ọ̀bù wọn nítorí ìbéèrè, ọ̀gá àgbà sì jáde wá tọrọ àforíjì. Mo rántí pé mo ń ka ìròyìn ọ̀hún lórí fóònù mi bí ìpolówó ọṣẹ ṣe bo gbogbo ojú rẹ̀. Àwa tí ìpolówó ni a fi ń san gbogbo nǹkan kò lè sunkún pẹ̀lú wọn dáadáa. Síbẹ̀ mo rí ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Jagex fi ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oríire, tó ti ń jẹ́ Treasure Hunter láti 2014, síwájú àwọn tó ń gbá a: bí ìbò bá pé 100,000, yóò lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi pé.

Irú kẹ̀kẹ́ oríire yìí ló yẹ ká jókòó tì, torí òun ló ń ná àwọn ọmọ wa lówó jù, bí wọ́n bá ń ná owó rárá. A ti mọ̀ ọ́n ṣáájú kí géèmù tó dé. Kàlòkàlò ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ọjà nígbà kan, tí èèyàn á sọ kọ́bọ̀ sí, tí á máa dúró de kó bì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èyí tinú géèmù kì í bì owó jáde láéláé. Àwòrán ló ń bì.

Mú Genshin Impact, géèmù àwọn ará Ṣáínà tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì rẹwà bí ìran. Akọni tó o bá fẹ́ kò sí lórí àtẹ. Ẹ̀bẹ̀ lo máa bẹ, wọn á sì ju ohun tó bá wù wọ́n sí ọ. Ẹ̀bẹ̀ kan, àǹfààní kí akọni ńlá jáde jẹ́ mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ títí dé ìgbà àádọ́rùn-ún, dandan ni kí ọ̀kan jáde, àmọ́ ó lè má jẹ́ ẹni tó ò ń wá. Ó dìgbà tó o bá tún bẹ̀ ẹ́ dé àádọ́rùn-ún míì kó tó dájú. Báǹdù (ìdì owó inú géèmù) tó tóbi jù ní ìsọ̀ wọn, ọgọ́rùn-ún dọ́là, ẹ̀bẹ̀ bí àádọ́ta ló lè ra. Bí orí bá ta kò ọ́ délẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo lè gbà ju 350 dọ́là lọ lọ́wọ́ rẹ. Ní náírà, ó tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Fún ọmọbìnrin inú àwòrán kan tó ń yin ọfà.

Ní Ìlọrin, èèyàn kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láti ṣàlàyé ohun tó burú nínú èyí. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú áfáà ní ilé kéwú ti gbọ́ ọ pé a kì í ta ẹja tó ṣì wà nínú odò. O kò mọ̀ bóyá ẹja ni, o kò mọ bó ṣe tóbi tó, o ti sanwó ná. Áfáà tó kọ́ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù orí fóònù, àmọ́ òfin tó kà sí mi létí ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ń gbé jáde nísinsìnyí bí ohun tuntun. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé àpótí àìmọ̀ tí wọ́n ń tà nínú àwọn géèmù kan ta ko òfin tẹ́tẹ́ ilẹ̀ wọn. South Korea fipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ láti máa kọ àǹfààní tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan síta láti oṣù kẹta 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mọ́kànlá wọ́ọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Nexon lórí nítorí géèmù rẹ̀, MapleStory, níbi tí wọ́n ti yí àǹfààní padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà gba ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ń ta Genshin níbẹ̀, ó sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ ra àpótí náà láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní tiwa, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá a ní oṣù kọkànlá 2024 pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, kì í ṣe Àbújá. Wọ́n máa ń lé ọmọ kékeré kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì ní Máràbà. Fóònù kì í lé ẹnikẹ́ni.

Ṣé ọmọ Ìlọrin tiẹ̀ lè san sọ́ọ̀bù ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460 lọ́wọ́ ìjọba, owó oṣù World of Warcraft sì jẹ́ bí ₦6,900. Wọ́n tú náírà sílẹ̀. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là ti wọ ₦1,500, owó oṣù kan náà ti di bí ₦22,500. Owó oṣù tó kéré jù tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà láti oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Géèmù kan ti fẹ́ jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tó jẹ́ ẹ̀gàn ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò fi ohunkóhun kún un: dọ́là 14.99 ni ní 2004, òun náà ni lónìí. Náírà ló sá.

Ká tiẹ̀ ní owó wà, káàdì ńkọ́? Láti 2022 ni àwọn báńkì ti ń gé iye tí káàdì náírà lè ná sí òkè òkun, ó dé ogún dọ́là lóṣù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kó tó di pé ọ̀pọ̀ báńkì tì í pa. Ó di 2025 kí àwọn kan tó tún ṣí i. Ní àsìkò yẹn, mo san sọ́ọ̀bù oṣù kan ní báńkì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì, géèmù ní òun kò rí ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀. Obìnrin tó wà lórí káńtà bi mí pé kí ni mo rà. Mo ní géèmù ni. Ó wojú mi, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní, “Àwọn ọmọ yín ni ẹ rà á fún?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sọ́ọ̀bù gidi tí à ń san níbí, dátà ni, àti iná. Kí Genshin tó wọ fóònù, ó ti jẹ ọ̀pọ̀ gígì, bí wọ́n bá sì ti mú àtúnṣe tuntun dé, ó tún fẹ́ jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè ní oṣù kìn-ín-ní 2025 láti fowó kún owó dátà, tó tó ìdajì sí i, mo ti rí àwọn ọmọ tó máa ń lọ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ní Unilọ́rin lálẹ́ nítorí Wáì-fáì. Owó yẹn kì í dé ọwọ́ ẹni tó ṣe géèmù. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bá ń pariwo pé kí wọ́n kó ìsọ̀ inú géèmù dànù, kí gbogbo èèyàn padà sí sọ́ọ̀bù bí ayé àtijọ́, ohun tí ọmọ tó wà ní Òmù-Àrán ń gbọ́ ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Star Wars: The Old Republic sọ ara rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kọkànlá 2012, kó tó pé ọdún kan lórí sọ́ọ̀bù, àwọn tó ti ń sanwó bínú pé ìlú ti fẹ́ kún fún aláìlówó. Àwa la jẹ́ aláìlówó yẹn.

Ta ló wá ń sanwó wa? Àwọn díẹ̀ tó ń ra ẹṣin. Àwọn ni wọ́n ń tan iná sáfà tí ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ń gbá lé lórí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa pé kí a má bú wọn, kí a ki wọ́n ni. Ó yé mi, àmọ́ ẹ padà sí iwájú ààfin lásìkò Iléyá. Ta ni yóò wọ ẹṣin láṣọ tó tó báyẹn bí kò bá sí èrò lójú títì? Ní oṣù kẹwàá 2024, Blizzard ta ẹranko kan tí wọ́n ń gùn ní World of Warcraft ní àádọ́rùn-ún dọ́là, wúrà ló fi bora, ó tóbi débi pé bó bá dúró síwájú ọlọ́jà inú géèmù, ẹlòmíràn kì í rí ọlọ́jà náà mọ́. Ẹni tó rà á kò rà á kó lè máa wò ó nínú yàrá. Òǹwòran ló nílò. Nínú géèmù ọ̀fẹ́, àwa ni òǹwòran, a ò sì gba owó iṣẹ́ wa rí.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí kì í ṣe ti olówó, tí kì í sì í ṣe ti òǹwòran. Nínú Old School RuneScape, olówó lè fi dọ́là ra ìwé kan tí wọ́n ń pè ní bond, kó wá tà á fún ẹlòmíràn nínú ọjà géèmù ní wúrà inú géèmù. Ẹni tó rà á lè sọ ọ́ di sọ́ọ̀bù ọjọ́ mẹ́rìnlá. World of Warcraft náà ní irú rẹ̀ láti 2015, EVE sì ti ní tirẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹni tó ní owó tí kò ní àkókò, àti ẹni tó ní àkókò tí kò ní owó, wọ́n pàdé lọ́jà. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ti gbé wá, èyí nìkan ni mo rí tí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì yé mi ìdí rẹ̀: kò sí idà tí o rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹnìkan kò kọ́kọ́ jà fún, kò sì sí ẹja inú odò nínú rẹ̀.

Àbúrò mi kan wà ní ilé-ìwé gíga ní Ọ̀fà tó ń san sọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Géèmù yẹn ti wọ fóònù láti 2018, kò wúwo, fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti là gbé e. Owó bond kan ń lọ sí ju mílíọ̀nù mẹ́wàá wúrà lọ. Mo sùn sí yàrá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ síbẹ̀ fún ìsìnkú. Iná ọba kò sí. Ó gbé fóònù lé àyà, ó ń pẹja nínú géèmù: á tẹ omi, á dúró, apẹ̀rẹ̀ á kún, á rìn lọ sí báńkì, á padà sí odò. Mo jí ní aago méjì, ó ṣì ń rìn lọ sí báńkì. Àánú ṣe mí.

“Ìwọ, èló ni bond yìí gan-an? Jẹ́ kí n bá ọ ra ọ̀kan.”

Kò gbójú sókè. “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn ti fẹ́ pé. Ẹ kúkú bá mi ra dátà.”